Lẹ́tà sí Àǹtí Ìkẹ́rẹ́: èmi ni mo di áńténà mú

Àǹtí mi,

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí a sin yín. Àwọn ọmọ yín ti padà sí Èkó, àbíkẹ́yìn nìkan ló kù, òun náà sì ti ń wo aago. Wọ́n ní kí n bá wọn kó ẹrù inú yàrá yín jọ, pé èmi ni mo mọ ibi tí ẹ máa ń fi nǹkan pamọ́ sí. Wọn ò parọ́. Ọdún mẹ́rin tí mo fi gbé lọ́dọ̀ yín kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo mọ̀ pé inú garawa gààrí ni yẹtí wúrà wà, mo mọ̀ pé abẹ́ máṣíìnì ìránṣọ tó ti bàjẹ́ ni ìwé ilẹ̀ wà. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ìsàlẹ̀ àpótí, lábẹ́ aṣọ òkè tí ẹ fi ṣègbéyàwó, ni Òrìṣàbùnmi, òṣèré inú Àrélù, eré tẹlifíṣọ̀n tí a jọ ń wò, ń gbé.

Mo ka àwòrán rẹ̀. Mẹ́tàdínlógún. Òmíràn ẹ gé e nínú ìwé ìròyìn, òmíràn jẹ́ ojú kàlẹ́ńdà tí ẹ fi síṣọ́ọ̀sì gé eteetí rẹ̀ bí ìgbà tí ẹ ń gé aṣọ oníbàárà. Ẹ fi báírò kọ ọjọ́ sẹ́yìn ọ̀kan: 5/1/2021. Ọjọ́ tó kú. Fádèyí Olóró wà níbẹ̀ náà, Àwòrò wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ṣe eré náà. Mo tú àpótí náà délẹ̀, mo ń wá àwòrán Bàbá mi, ẹ̀gbọ́n yín, tí ẹ jọ mu ọmú kan náà. Mi ò rí ẹyọ kan.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, inú náà ni mo sì fi ń kọ̀wé yìí. Ẹ kọ́ mi pé a kì í fi ìbínú bá àgbà sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ wà níbí ni, ẹ ò bá ti fọ́ mi létí.

Mi ò ní máa ṣàlàyé Àrélù fún yín, ẹ̀yin lẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ẹ kàn jẹ́ kí n rán ara mi létí. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe é, máṣíìnì yín á dákẹ́. Ẹni tó fẹ́ wọ aṣọ rẹ̀ lọ́la, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ti Ọlọ́run. Màmá Kẹ́hìndé á gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá nítorí kò fọkàn tán bẹ́ńṣì wa. Káfíńtà tó wà níwájú ilé á kó ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹ́ta dání, ẹ ó sì bá a jà lórí bàtà wọn. Ẹ ó wá ṣí léèsì lórí tẹlifíṣọ̀n dúdú òun funfun yẹn bí ẹni tó ń ṣíjú ìyàwó. Tí Jímọ̀ Àlíù bá yọ, tó di Àwòrò, ẹ ó ní, "Ọmọ Òkèmẹ̀sí! Èkìtì kete!" bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ wẹ̀ ẹ́ ní kékeré. Tí Fádèyí bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọfọ̀, ẹ ó fọwọ́ bo orí àbíkẹ́yìn yín kí ọfọ̀ náà má baà kàn án. Ọkọ yín, Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, á wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní Bàbá Sàlá tó àwọn, pé eré tí kò bá pani lẹ́rìn-ín, kí ló fi yàtọ̀ sí ìpàdé ẹbí?

Ṣùgbọ́n tí Òrìṣàbùnmi bá wọlé, ẹ kì í pariwo. Ẹ máa ń rọra gún ẹ̀yìn yín lórí àga bí ìgbà tí ìyá ọkọ bá wọlé. Obìnrin kan tó lè dojú kọ Fádèyí láìfà sẹ́yìn! Ẹ wé gèlè bíi tirẹ̀. Ẹ kọ́ bó ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú woni, ẹ sì lò ó fún oníbàárà tó bá jẹ yín lówó. Ní àdúrà òwúrọ̀, ẹ máa ń dárúkọ rẹ̀, láàárín orúkọ Bàbá mi àti ti kátíkíìsì, pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n rí i mú. Nígbà tí ẹ gbọ́ pé Fọláké Àrẹ̀mú ni orúkọ rẹ̀ gan-an, pé ọmọ Ọ̀là ní Kwara ni, ẹ ní irọ́ ni. Nígbà tí ẹ tún gbọ́ pé Jímọ̀ Àlíù ló fẹ́ ẹ, inú yín dùn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí wọ́n wá ní wọ́n ti fi ara wọn sílẹ̀, ẹ ò jẹun alẹ́. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo jẹ ẹran yín.

Áńténà ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹni tó bá gbé Ìkẹ́rẹ́ nígbà náà mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe nǹkan tí èèyàn kàn ń tàn. Àpáta Òlósùnta lápá kan, Orólè lápá kan, àwòrán á fi gbogbo ara máa wá ihò tó máa gbà wọlé. Ẹ̀yìnkùlé ni ọparun tí a so áńténà mọ́ wà. Ọmọ yín àgbà ló máa ń yí i, ṣùgbọ́n ó ti lọ sí ilé ìwé gíga tí wọ́n ti ń gbé inú ọgbà, ló bá kàn mí. Mo ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọyẹ́ mú lóru yẹn débi pé imú mi ń ta mí. Alẹ́ tí Òrìṣàbùnmi àti Fádèyí máa kojú ara wọn ni, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ ń pariwo láti ojú fèrèsé: "Yí i sápá Àkúrẹ́! Ó ti ń bọ̀! Ó ti lọ! Dá a padà, dá a padà... Dúró! Má mira!"

Mo dúró. Mo tú ọwọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré láti họ ẹsẹ̀, gbogbo ilé sì figbe ta pa pọ̀ bí ẹni tí wọ́n já oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀. Mo tún yára dì í mú. Inú mi dùn díẹ̀, kí n má parọ́. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé ara mi ni àwòrán náà ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Mo gbọ́ ohùn Fádèyí tó ń ha bí àdá lórí òkúta. Mo gbọ́ ohùn òun náà. Lẹ́yìn náà ilé pa rọ́rọ́, ẹnì kan ní "Háà!", ẹ̀yin ní "Jésù!", orin ìparí sì bẹ̀rẹ̀.

Mo gbọ́ tí wọ́n ń gbé bẹ́ńṣì. Mo gbọ́ tí Màmá Kẹ́hìndé ń kí yín pé ó dàárọ̀. Mo gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìròyìn. NEPA mú iná. Mo ṣì di ọparun mú, Àǹtí. Ẹ ní kí n má mira, ẹ ò sì tíì sọ pé ó tó. Mi ò mọ iye wákàtí. Ìrì ti ń sẹ̀ sí mi lọ́rùn nígbà tí ọkọ yín jáde wá tọ̀, tí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú, tí wọ́n ní "Ta nìyẹn?" Wọ́n rò pé olè ni. Wọ́n gbé mi wọlé. Ẹ ti sùn.

Lówùúrọ̀, ẹ fún mi ní àkàrà méjì lé ní iye tí ẹ máa ń fún mi. Ẹ ò sọ nǹkan kan. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó bóyá ẹ fi àkàrà méjì yẹn bẹ̀ mí ni, tàbí ẹlẹ́kàrà ló fi ṣe èènì fún yín.

Nǹkan kékeré ni, mo mọ̀. Ẹ san owó ilé ìwé mi, ẹ dì mí nírun, ẹ rán aṣọ Kérésì fún mi lọ́dọọdún láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Bàbá mi. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn kì í jí mi lóru. Ọparun yẹn ló máa ń jí mi.

Ó jí mi ní ọdún tí Bàbá mi kú. Jímọ̀ Àlíù ló ṣáájú, ní ọjọ́ 17, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2020. Ẹ pè mí, ẹ ní kò sí Èkìtì mọ́. Ó di oṣù kọkànlá, ẹ̀gbọ́n yín tẹ̀ lé e. Òwúrọ̀ ọjọ́ ìsìnkú gan-an lẹ tó dé. Ẹ jókòó sábẹ́ kánópì, ẹ jẹ ìrẹsì, ẹ ní ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ kò dáa lálẹ́, ẹ wọ mọ́tò ní aago mẹ́rin. Mo wo ojú yín dáadáa nígbà tí wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ lé e. Ó gbẹ. Ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, Òrìṣàbùnmi kú ní Ìbàdàn, ẹ pè mí lẹ́ẹ̀mẹta ní àárọ̀ kan ṣoṣo, ẹ ò sì lè sọ̀rọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹkún lásán ni mo ń gbọ́. Mo ń sọ fún yín pé ẹ ní sùúrù, èmi tí mi ò tíì bọ́ aṣọ dúdú Bàbá mi.

Ọmọ yín sọ fún mi níjọ́ kẹta pé ó lè jẹ́ Bàbá mi gan-an lẹ ń sunkún rẹ̀ nígbà náà, pé ẹkún ló pẹ́ kó tó rí ọ̀nà jáde. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ orúkọ tí ẹ ń pè nínú fóònù yẹn, kì í ṣe orúkọ Bàbá mi.

Nígbà tí Fádèyí náà lọ, ní oṣù kẹta 2023, èmi ni mo pè yín. Mo ti múra ẹkún sílẹ̀. Ẹ kàn ní, "Ó tán. Kò ku ẹni tí a ó máa bẹ̀rù mọ́." Ẹ sì béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Ìbàdàn.

Ẹ má rò pé mo sàn jù yín lọ. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Ẹ mọ̀ pé ọkọ mi wà ní ìlú ọba, ó ń tọ́jú arúgbó. Ohun tí mi ò sọ fún yín ni pé alaalẹ́ ló máa ń pè tẹ́lẹ̀, ó wá di ọjọ́ Àìkú, ó wá di pé kó fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, mo ti ń mọ ibi tó máa ń gbà dákẹ́. Ìsọ̀ kò tà. Àwọn tó ń ra ìkòkò méjì ń ra ọmọ orí ìkòkò. Tí mo bá ti ilẹ̀kùn tán, mo máa ń wọ orí ibùsùn, mo máa ń kó sínú YouTube. Ibẹ̀ ni gbogbo sinimá wa wà báyìí, ẹ ò bá gbádùn rẹ̀, kò sí áńténà, kò sí àpáta. Obìnrin kan wà nínú ọ̀kan tí wọ́n ń ṣe ní apá-apá, ọkọ rẹ̀ ń dà á, kò mọ̀. Mo mọ̀. Gbogbo àwa tí à ń wò ó mọ̀. Ní aago méjì òru ọjọ́ kan mo kọ ọ́ sábẹ́ fídíò náà pé, "Ẹ bá wa sọ fún un, ẹ jọ̀ọ́." Ènìyàn igba ó lé ló fi ọkàn pupa sí i. Inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo tajà lọ. Lóṣù yẹn náà ni mo bú ọmọ mi obìnrin nítorí ó dá 5,000 náírà sí owó ọjọ́ ìbí ẹnì kan tó jáde nílé Big Brother Naija. Mo ní ta ni ẹni yẹn sí i? Ó wò mí, kò dáhùn.

Ọmọkùnrin mi ló dáhùn, láìmọ̀. Alẹ́ ọjọ́ kan ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ò tíì bi mí ohun tó ṣe mí lẹ́sẹ̀." Mo gbójú sókè. Ó ti fi àkísà di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti wú. Ó ní bọ́ọ̀lù ni. Mo ní ìgbà wo? Ó ní ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń tiro kọjá níwájú mi, Àǹtí, nínú ilé yàrá méjì. Mo dìde, mo wá omi gbóná, mo wá òróró ìpara. Mi ò parọ́ fún yín: kí n tó dìde, mo kọ́kọ́ tẹ fídíò náà dúró kó má baà kọjá.

Àkàrà ni mo rà fún un láàárọ̀. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè rà.

Ọmọ yín ti pe àwọn tó ń ra irin àlòkù. Irin ni ọkọ yín fi pààrọ̀ ọparun yẹn nígbà tó yá, ó ṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé, apá méjì péré ló kù lára áńténà. Lọ́la ni wọ́n máa hú u. Àwọn àwòrán mẹ́tàdínlógún ńkọ́? Wọ́n ní kí n sun wọ́n. Mi ò sun wọ́n. Wọ́n wà nínú báàgì mi pẹ̀lú gèlè yín kan tí mo jí.

Mo ti wá alẹ́ yẹn lórí YouTube. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi Àrélù síbẹ̀, mo rí ibi tí Fádèyí ti ń pọfọ̀, mo rí ibi tí òun náà ti ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú woni, mi ò rí ibi tí mo gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé. Mo bi Màmá Kẹ́hìndé níbi ìsìnkú yín, ó ní Fádèyí ló sá. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ káfíńtà, òun náà ti di bàbá arúgbó, ó ní rárá, iná ló jó láàárín àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó borí. Ọmọ yín ní òun ti sùn.

Ẹ̀yin lẹ pariwo "Jésù". Kí lẹ rí?

Àbẹ̀kẹ́ yín