Bọ́ọ̀hóòlù tí aláǹgbá ń gbé

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì yìí ti sú mi. Látìgbà tí wọ́n ti ní epo wà ní Ìbàjì, lọ́hùn-ún lódìkejì Odò Ọya, tí Kogi, Anámbra àti Enugu sì ń fa ààlà mọ́ra wọn lọ́wọ́, kò sí bàbá tí mo kí ní Kàbbà níbí tí kì í bi mí pé tiwa ńkọ́, ìgbà wo ló máa yọ? Mo máa ń ní bàbá, kò ní yọ o. Ẹrẹ̀ tó rọ́ lé ara wọn nísàlẹ̀ omi, tí àwọn nǹkan ẹlẹ́mìí tíntìntín kú sínú ẹ̀, tí ooru abẹ́ ilẹ̀ wá sè é fún àìmọye mílíọ̀nù ọdún, ibẹ̀ lepo ti ń wá. Tiwa, láti Kàbbà dé Ìsánlú dé Ẹ̀gbẹ̀, àpáta líle ni. Wúrà wà níbẹ̀, tantalite, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yà ara fóònù àti kọ̀ǹpútà, wà níbẹ̀, epo kọ́.

Jiọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta, lèmi kà. Nígbà tá a wọ yunifásítì, Port Harcourt ni gbogbo wa ń lá, hẹlikọ́pítà á gbé wa lọ sórí òkun, owó á máa wọlé. Àfi bí epo ṣe já lulẹ̀ láti 2014, àgbá tó ń lọ ju dọ́là 100 lọ, nígbà tó fi di January 2016 kò tó 30 mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ọ̀gá wa gan-an dúró lẹ́nu iṣẹ́, ta ló máa wá gba àwa? Shell tó kan epo ní Oloibiri lọ́dún 1956 náà ti ta iṣẹ́ epo rẹ̀ tó wà lórí ilẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Renaissance ní 2025. Kọ̀ǹpútà sì ti ń bá wọn ka àwòrán abẹ́ ilẹ̀ báyìí.

Ṣùgbọ́n ṣé omi ò sí nílẹ̀ wa tá à ń wá ni? Ládùúgbò mi, kọntirátọ̀ kan gbé ẹ̀rọ dé láti gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù, kò yẹ ilẹ̀ wò, ẹsẹ̀ ló fi júwe ibi tó máa gbẹ́ (ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì alága kan ni, ẹ kúkú mọ̀), ó gbẹ́ ẹ títí, eruku funfun ló ń jáde. Wọ́n kun táǹkì, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Aláǹgbá ló ń gbé ibẹ̀ dòní.

Nínú àpáta bíi tiwa, omi kì í tẹ́ káàkiri, ojú ibi tí òkúta ti sán tàbí ibi tó ti jẹrà ló máa ń sá sí. Bí àwọn elépo ṣe ń mi ilẹ̀ tìtì kí wọ́n lè gbọ́ ìró tó ń padà bọ̀, bẹ́ẹ̀ làwa náà ń ti iná mànàmáná díẹ̀ bọ ilẹ̀ láti mọ ibi tó rọ̀. Mo fi ẹ̀rọ àyálò ṣe é fún ṣọ́ọ̀ṣì wa, a sún kúrò níbi tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbẹ́, omi jáde, wọ́n ní àdúrà ni. Ó dáa náà.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn káńsù wa ni pé kí wọ́n má sanwó bọ́ọ̀hóòlù kankan tí kò bá sí ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀, kí wọ́n sì tọ́jú ìwé ohun tí ẹ̀rọ bá pàdé nísàlẹ̀, yálà omi jáde ni o tàbí kò jáde. Àwọn elépo, kànga tó gbẹ pàápàá, wọ́n máa ń kọ tiẹ̀ sílẹ̀, torí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á fẹ́ mọ̀. Àwa ń da tiwa nù. Ìwé bọ́ọ̀hóòlù mẹ́ta wà lọ́wọ́ mi, káńsù tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kó wá gbà á, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Òǹkàwé yín,
Kàbbà