Muah chee inú ike kọ́ ni muah chee

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Nínú ohun tí ẹ kọ lórí oúnjẹ òpópónà Singapore, ẹ ní muah chee kò ṣọ̀wọ́n mọ́, pé ó ti wà nínú ike ní àwọn ilé ìtajà ńlá. Ẹ jọ̀ọ́, èyí tó wà nínú ike yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ìpanu àwọn Hokkien ni muah chee, àwọn tí baba ńlá wọn ti gúúsù Fujian ní ilẹ̀ Ṣáínà wá tẹ̀ dó sí Singapore àti Penang ní Malaysia. Ìyẹ̀fun ìrẹsì tó ń fà ni wọ́n fi ń ṣe é, wọn á gé e sínú ẹ̀pà àti ṣúgà, oníbàárà á sì fi igi ìtayín gún un jẹ níbẹ̀ nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́. Kò ṣeé fi pamọ́ di ìgbà mìíràn rárá, òun ló sì ń pa á.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Fún ènìyàn mẹ́rin, ẹ ó lo ìyẹ̀fun yẹn 200 gíráàmù, omi 260 mìlílítà, iyọ̀ díẹ̀, àti ṣíbí ìjẹun 2 òróró tí a ti fi din àlùbọ́sà kéékèèké. Ẹ pò ó títí kókó á fi tán, ẹ dà á sínú àwo tí ẹ fi òróró pa, kí ẹ fi ooru omi sè é fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Bí àárín rẹ̀ bá ṣì funfun bí ẹfun, kò tíì jinná. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ló kàn: bó ti ń gbóná ni kí ẹ ti fi orógùn tí òróró wà lára rẹ̀ rò ó kíkankíkan, títí á fi máa fà láìjá. Tó bá ti tutù kí ẹ tó rò ó, asán ni. Omi tó bá lé ní 300 á jẹ́ kó ṣàn, kò sì ní ṣeé gé.

Ẹ̀pà 150 gíráàmù ni kí ẹ yan lórí iná wẹ́rẹ́, láìsí òróró. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, ẹ bó o, ẹ fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, kí ẹ tó gún un lódó. Ẹ̀rọ ìlọta a máa yára sọ ọ́ di ọ̀rá, pàápàá tí ẹ̀pà bá ṣì gbóná, nítorí náà ẹ máa tàn án kí ẹ máa pa á. Ṣúgà 60 gíráàmù àti yànmọ̀tí díẹ̀ tí a ti yan ló tẹ̀ lé e. Àlùmọ́gàjí tí a fi òróró pa ni ẹ ó fi gé e sórí ẹ̀pà yẹn, kí ẹ máa yí i bí ẹ ṣe ń gé e. Ojú tí ẹ̀pà kò bá kàn á tún lẹ̀ mọ́ ìkejì rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ti inú ike kò fi lè jọ ọ́. Ṣúgà á fa omi jáde lára ìyẹ̀fun, ẹ̀pà á rin, kò ní dún lẹ́nu mọ́. Tí wọ́n bá gbé e sínú fíríìjì, á le gbagidi.

Láàárín 1971 sí 1986 ni ìjọba Singapore kó àwọn tó ń ta oúnjẹ lójú títì wọ ọjà oúnjẹ tí wọ́n kọ́ fún wọn, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, sì fi àṣà ọjà oúnjẹ náà sínú ìwé ogún àjogúnbá ní 2020. Ó dára, àmọ́ UNESCO kò ní bá ẹnikẹ́ni ro ìyẹ̀fun. Iṣẹ́ apá ni, owó rẹ̀ kéré, àwọn ọmọ kò fẹ́ jogún rẹ̀. Ohun tó tún dá kún un ni pé ojú àti ọwọ́ ni ìyá àgbà fi ń wọn nǹkan, èdè Hokkien ló sì fi ń ṣàlàyé, bẹ́ẹ̀ láti 1979 ni ìjọba ti ń rọ àwọn ará Ṣáínà ibẹ̀ pé kí wọ́n máa sọ Mandarin, èdè àjùmọ̀lò àwọn ará Ṣáínà, dípò irú èdè bíi Hokkien. Ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ rántí adùn rẹ̀, wọn kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tí ìyá àgbà rẹ̀ bá ṣì wà, kó gbé abọ́ ìyẹ̀fun sórí òṣùwọ̀n kí màmá tó bu ti wọn, kó sì tún wò ó lẹ́yìn tí wọ́n bá bu ú tán.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò ní Èkó tàbí London, ìyẹ̀fun ìrẹsì tí a fi ń ro túwó kò lè ṣe é. Kò ní fà. Ẹ béèrè ti ìrẹsì tó ń lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà tó ń ta èlò oúnjẹ. Tí ẹ bá sì tún máa kọ̀wé nípa rẹ̀, àwòrán ẹni tó ń gé e ni kí ẹ fi síbẹ̀, kì í ṣe ti ike.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Singapore