Ewì Látìn Nínú Ìtàn Àròsọ Gíríìkì

Sí Olóòtú,

Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì gbà pé Róòmù nìkan ló kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì, bí ẹni pé àwọn Gíríìkì kò ka ohunkóhun ní èdè Látìn.

Nínú ìtàn ìfẹ́ Daphnis àti Chloe, tí Longus, òǹkọ̀wé Gíríìkì, kọ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi, bàbá àgbà Philetas rántí bí òun ṣe ń yin gbohùngbohùn nítorí pé ó ń bá òun pe orúkọ Amaryllis, olólùfẹ́ rẹ̀. Ó lé ní 100 ọdún ṣáájú rẹ̀ tí Virgil, akéwì Róòmù, ti kọ ewì ní èdè Látìn nípa darandaran kan tó ń kọ́ igbó láti máa dáhùn pẹ̀lú orúkọ yìí gan-an! Lóòótọ́, ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì ti rí i nínú ewì Gíríìkì kan tó ti sọnù, ṣùgbọ́n ohun tí Seneca, òǹkọ̀wé Róòmù, kọ fi hàn pé Polybius, ìránṣẹ́ Claudius, Olú-ọba Róòmù, ti fi èdè Gíríìkì tún iṣẹ́ Virgil sọ. Ní Aphrodisias pàápàá, ìlú àwọn Gíríìkì tó jẹ́ ìlú Chariton tó kọ ìtàn ìfẹ́ mìíràn ní èdè Gíríìkì, wọ́n gbẹ́ àwòrán Aeneas, akọni inú ewì ńlá Virgil, sára òkúta bó ṣe ń sá kúrò ní Troy.

Mo rọ̀ yín kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rí wọ̀nyí nínú àwọn àpilẹ̀kọ yín.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín