Bàbá tó ń pọnmi de ọmọ

Ìyá Ìbejì mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé òtútù ò mú wọn jù? Mo ti ka The Road tí o fi ránṣẹ́ tán, ìwé ìtàn àròsọ tí Cormac McCarthy, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ lọ́dún 2006 nípa bàbá kan àti ọmọkùnrin rẹ̀ lẹ́yìn tí ayé bàjẹ́. Ó gbà mí lọ́kàn débi pé mi ò lè dúró dìgbà tí a bá tún sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Lóru ọjọ́ tí ayé bàjẹ́, tí iná kú, bàbá yẹn sáré lọ ṣí omi sínú ọpọ́n ìwẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló dé tó fẹ́ wẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ wẹ̀. Oyún ṣì wà nínú ìyàwó, bàbá ti ń pọnmi de ọmọ! Látìgbà náà, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ó rí agolo Coca-Cola kan ṣoṣo, ọmọ ló já a fún. Bí wọ́n ṣe ń rìn lọ sí gúúsù nínú eérú, ó ń kọ́ ọ pé kó má fọkàn tán ẹnikẹ́ni, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó kù láyé ń jẹ èèyàn.

Ibi tó dùn mí jù ni ti olè tó kó ẹrù wọn lọ. Bàbá lé e bá, ó gba ẹrù, ó tún ní kó bọ́ aṣọ, kó bọ́ bàtà, ó sì fi í sílẹ̀ níhòòhò nínú òtútù. Ọmọ ń sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́, títí wọ́n fi padà lọ wá olè náà. Wọn ò rí i mọ́. Wọ́n kó aṣọ àti bàtà rẹ̀ jọ sójú títì, wọ́n gbé òkúta lé e. Mi ò lè dá bàbá lẹ́bi, olè náà fi wọ́n sílẹ̀ kí ebi pa wọ́n kú ni. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ni mo gbè lẹ́yìn.

McCarthy ti lé ní 60 ọdún kó tó bí ọmọkùnrin tó fi ìwé náà ta lọ́rẹ. Ó sọ fún Oprah Winfrey, gbajúmọ̀ atọ́kùn ètò tẹlifíṣọ̀n, lọ́dún 2007 pé lóru kan ní hòtẹ́ẹ̀lì ní El Paso, ìlú kan ní Amẹ́ríkà, ọmọ náà ń sùn, òun dúró lójú fèrèsé, òun ń ro bí ìlú yẹn yóò ṣe rí lẹ́yìn ọdún 50 tàbí 100. Lójú tèmi, ẹ̀rù àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ló wà nídìí ìwé náà: bí mo bá kú, ta ni yóò bá mi wo ọmọ mi?

Bàbá sì kú lóòótọ́. Ọkùnrin kan tí ọmọ ò mọ̀ rí wá bá a. Ká ní ó tẹ̀lé ẹ̀kọ́ bàbá rẹ̀ délẹ̀ ni, ibẹ̀ ni ì bá kú sí. Ó bi ọkùnrin náà bóyá ó bímọ, bóyá wọn kì í jẹ èèyàn, ó sì bá a lọ. Àánú tí kò jẹ́ kó gbàgbé olè yẹn náà ló jẹ́ kó gba àlejò yìí gbọ́.

Ọ̀dọ̀ àwọn ìbejì rẹ ni ọkàn mi wà nígbà tí mo kà á débẹ̀. Níbi tí o wà yẹn, tí kò sí ìyá àgbà nítòsí, kí lò ń sọ fún wọn nípa ẹni tí wọn ò mọ̀? Tètè kọ̀wé sí mi. Bá mi kí Bàbá Ìbejì.

Èmi ni tìrẹ ní Ìbàdàn,
Ìyá Adé