Ẹ bá wa fi àmì sí i, Olóòtú

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àfaradà. Ẹni ọdún 58 ni mí. Aṣọ ni mo ń pa láró ní Ìbàdàn níbí. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo bá lọ́wọ́ ìyá mi, òun náà sì bá a lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Lẹ́tà yìí ni àkọ́kọ́ tí mo máa kọ sí ẹnikẹ́ni láyé mi. Alẹ́ mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́. Ọmọ ọmọ mi ló bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, mo sì jókòó tì í kó má baà fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Ní bí oṣù méjì sẹ́yìn, mo rí àkọlé kan nínú ìwé ìròyìn kan tí n kò ní dárúkọ: “Ọkọ gba iyawo ni Dugbẹ.” Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Mo kà á sókè fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, inú mi sì ń dùn. Mo ní ẹ wò ó, ọkọ kan ti lọ gba ìyàwó rẹ̀ padà ní Dùgbẹ̀, àwọn ọkùnrin kan ṣì ní làákàyè. A rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wa tiẹ̀ ní kí Ọlọ́run bá òun fi irú làákàyè yẹn ta ọkọ òun lọ́rẹ. Ìgbà tí mo ka ìsàlẹ̀ ni mo rí i pé ọkọ̀ ni, típà akóyanrìn, ó gbá ìyàwó ọ̀ṣìngín kan tó ń sọdá títì. Ọ̀rọ̀ ikú la ti fi ṣẹ̀fẹ̀.

Ẹni tó ti ń kàwé láti kékeré á ní kí ni mo ń wò tí n kò fi tètè mọ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti gbé ilé kan fún ogójì ọdún lè rìn nínú òkùnkùn ibẹ̀, àlejò ló máa fẹsẹ̀ kọ àpótí.

Àlejò ni mí. Ọdún tó kọjá ni mo wọ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Yàrá ilé kéwú kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa la ń lò, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Àwa 14 ni. Ẹni tó kéré jù nínú wa ń ṣe fọkanáísà, ẹni tó dàgbà jù ti lé ní 70. Tíṣà wa jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Kì í ṣe pé kò sí ilé ìwé nígbà tí mo wà ní kékeré. Láti 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ ti sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ wa níbí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì lọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa gún èlú, ewé tá a fi ń ṣe aró. Èmi ni. N kò bínú sí ìyá mi.

Ọmọ mi tó wà ní Kánádà bi mí pé, “Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ fi ìwé ṣe báyìí? Ṣé ẹ fẹ́ gbaṣẹ́ ìjọba ni?” N kò rí èsì fún un nígbà náà.

Aṣọ kan wà tá à ń pè ní Ìbàdàndùn. Òpó Gbọ̀ngàn Màpó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929, là ń yà sí i, a ó wá ya ṣíbí sáàárín òpó kan sí ìkejì. Láfún àti álọ́ọ̀mù là ń sè di ẹ̀kọ, ìyẹ́ adìyẹ ni mo sì fi ń yà á. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ ibẹ̀. A máa rì í sínú aró, a ó sá a, a ó tún rì í, ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹfà, ká tó ha ẹ̀kọ náà kúrò kí funfun tó yọ. Nísàlẹ̀ aṣọ, ìyá mi máa ń kọ IBADAN DUN. Òun náà kò mọ̀wé. Ẹnì kan ló kọ ọ́ fún un nígbà kan, ó sì ń dà á kọ. Èmi náà dà á kọ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ogójì ọdún, bí ẹni ń ya ẹyẹ tàbí ejò.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin tá a bẹ̀rẹ̀, tíṣà kọ N sójú pátákó. Mo wò ó, mo tún un wò. Mo délé, n kò tíì tú gèlè, mo ṣí àpótí, mo mú aṣọ tí ìyá mi fi sìn mí relé ọkọ jáde. N méjèèjì kọjú sẹ́yìn. Gbogbo èyí tí mo ti tà láti ọjọ́ yìí wá, bẹ́ẹ̀ náà ni N wọn kọjú sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa rí. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, n kò sì lè sọ pé ẹ̀rín nìkan ni. Mo pe oníbàárà mi kan ní Lọ́ndọ̀nù pé kó má bínú. Ó ní òun rò pé ara ọnà ni, kí n má yí i padà o.

Tíṣà tù mí nínú. Ó ní kì í ṣe ìyá mi nìkan. Ó ní aṣọ Ọlọ́ba, tí wọ́n ya ọba Gẹ̀ẹ́sì àti olorì rẹ̀ sí nígbà tí ọba náà pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935, lẹ́tà tí ń bẹ lára ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti dàrú, torí pé àwọn tó ń dà á kọ kò lè kà á.

Mo wá ra ìwé kan, mo ń kọ orúkọ àwọn ọnà tí ìyá mi mọ̀ sínú rẹ̀. Mo ti kọ 31. Àwọn kan wà tí ọwọ́ mi ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń yà wọ́n, orúkọ wọn ló ti bọ́, àwọn tí mi ò bá sì bi ti lọ. Ọmọbìnrin méjì ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. N kò gbowó lọ́wọ́ wọn. Mo ní ìwé àti bírò ni owó náà: ọnà yòówù tí wọ́n bá kọ́, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì. Ojú mi ti rí i. Mo kọ “igba” síwájú orúkọ oníbàárà kan, nígbà tó pẹ́ díẹ̀ n kò mọ̀ bóyá igba aṣọ ló fẹ́ ni àbí igbá ló ní kí n yà sí i. Mo ní láti pè é bi í, ojú tì mí.

Olóòtú, tíṣà sọ fún wa pé nígbà tí òyìnbó Henry Townsend dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ohun tó ń wá ni pé kí ìwé kíkà mọ́ àwọn èèyàn lára. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìwé ìròyìn Yorùbá fún. Èyí ni pé mo ti kó ọ̀rọ̀ àlejò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan jẹ: àwa gan-an la kọ́kọ́ débẹ̀. Mo mọ̀ pé àmì ń gba àkókò, ọmọ ọmọ mi ti kùn sí mi lọ́rùn tó. N kò ní kẹ́ ẹ fi sí gbogbo ojú ìwé. Ẹ bá wa fi sí àkọlé, kẹ́ ẹ sì fún wa ní ojú ìwé kan ṣoṣo tí àmì rẹ̀ pé, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi díẹ̀ torí ojú wa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra ìwé ìròyìn, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ di àkàrà. Ní kíláàsì wa, ẹyọ kan ni gbogbo wa ń pín. Tíṣà á fi sísọ́ọ̀sì gé e, kálukú á mú tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra ni ojú ìwé bọ́ọ̀lù bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo ti lè sọ̀rọ̀ Shooting Stars bí ọmọkùnrin, àmọ́ n kò mọ bí ìròyìn ojú ìwé iwájú kankan ṣe parí. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣe ọjọ́ àṣà ń wá ra àdìrẹ lọ́wọ́ mi, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun, n kò ní bú wọn. Ṣùgbọ́n owó bùbá kan péré nínú èyí tí wọ́n ń dá yẹn á ra ṣọ́ọ̀kì tí a ó fi lo ọdún kan.

Bí ẹ bá máa tẹ lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ àmì rẹ̀ kúrò. Èmi ni mo fẹ́ kà á sókè ní kíláàsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, n kò sì fẹ́ ṣì í kà.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aláró, Ìbàdàn