Omi Tí Dáfídì Kò Mu

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Sámúẹ́lì Kejì, orí 23, ẹsẹ 13 sí 17. Òùngbẹ ń gbẹ Dáfídì, ó ní ta ni yóò bu omi wá fún òun láti inú kànga ẹnubodè Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ẹgbẹ́ ogun Fílístínì sì ti pàgọ́ síbẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta já àárín ọ̀tá kọjá, wọ́n fa omi, wọ́n gbé e dé. Dáfídì kò mu ún. Ó dà á sílẹ̀ fún Olúwa, ó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tó fi ẹ̀mí ara wọn wewu ni.

Ẹsẹ yìí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa lórí orúkọ àwọn tó dáwó fún iṣẹ́ ìjọ, tí a fẹ́ kọ sára mábù. Orúkọ akọni ló kún orí náà: Bẹnáyà pa kìnnìún nínú ihò lọ́jọ́ òjò dídì, Ṣámà dúró gbọn-in láàárín oko ẹ̀wà lẹ́ntílì. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn omi yìí, ẹ wá orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kò ní í rí i. Síbẹ̀, omi tiwọn ni ọba kà sí ohun mímọ́.

Ní Amẹ́ríkà, Medal of Honor ni àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù lọ fún ìgboyà lójú ogun. Ní October 12, 1945, Ààrẹ Truman fi í kọ́ ọrùn Desmond Doss, ọmọ ìjọ Adventist tó kọ̀ láti gbé ìbọn, tó jẹ́ pé ìtọ́jú ọgbẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ lójú ogun. Lórí òkè gogoro kan ní Okinawa, erékùṣù kan ní Japan, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí àwọn yòókù sá padà, ó dúró ti àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ó ń fi okùn so wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ lójú àpáta, ó ń bẹ Olúwa pé kí òun tún rí ẹnì kan gbà sí i. Nígbà tó di pé kí wọ́n kà á, àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ènìyàn 100 ni, òun ní kò lè ju 50 lọ. 75 ni wọ́n wá fẹnu kò sí.

Ẹni tí wọ́n ń dá lọ́lá ló ń dín iye tirẹ̀ kù! Àwa ńkọ́? Ta ló kọ́kọ́ dáwó, ta ló dáwó jù, orúkọ ta ni yóò ṣáájú lára mábù, títí ariwo fi dé títì lójú àwọn ọmọ kéékèèké. Ní Iléṣà níhìn-ín, níbi tí a ti ń ki Ògèdèǹgbé Agbógungbórò, ọ̀gágun Ekìtìparapọ̀ nígbà ogun Kírìjì, a mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó jà fún ìlú àti ẹni tó jà fún orúkọ. Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀, tó ru yanrìn fún iṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ wọn. Bí a bá bú àgbàlagbà níwájú ọmọ rẹ̀ nítorí ọrẹ tí a mú wá fún Ọlọ́run, ṣé Ọlọ́run ṣì ni a mú un wá fún?

Ọmọ Ọ̀bọkún, mo mọ̀ yín. Nígbà tí ìjì ṣí òrùlé opó kan láàárín wa, kí ilẹ̀ tó ṣú ẹ ti kan páànù rẹ̀ padà, títí di òní n kò mọ ẹni tó ra ìṣó. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kàn, ilẹ̀kùn mi ṣí sílẹ̀. Ẹ jọ wá ni o, ẹ má wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ yín.

Ìkéde: Ìpàdé àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ti di Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ló ni ìmọ́tótó àyíká lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin akọrin, ẹ dá ìwé orin padà. Agboòrùn dúdú kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ẹni tó ni ín wá gbà á.