Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ààrò Ìyanja Tí Wọ́n Wó ní Etíkun

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìbẹ̀jù-Lẹ́kkí, nípasẹ̀ Kábíyèsí ìlú wa.

Alága wa ọ̀wọ́n,

Àwa ìjòyè ẹgbẹ́ obìnrin tí ń yan ẹja ní etíkun kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. A kí Kábíyèsí: kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré, nítorí kò sí ọjà kan láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Ìsàlẹ̀ Èkó tí ṣàwá wa kì í dé, kò sì sí ìnáwó kan ní agbègbè yìí, títí kan ti ìbúra-wọlé yín, tí a kì í gbé agbọ̀n ẹja wá.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, katapílà ilé-iṣẹ́ tí ń la ọ̀nà gba ẹ̀yìn ilé wa wọ ibi ìyanja, ó sì wó gbogbo ààrò wa mọ́lẹ̀, láìsí ìwé, láìsí agogo. Iná ṣì wà nínú òmíràn. Ẹja tí àwọn kan nínú wa gbà láwìn lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ wà lórí wáyà. Inú yanrìn ni a ti ń ṣà á nígbà tí awakọ̀ katapílà ń pariwo pé kí a kúrò lọ́nà fún òun.

Alága, a kò sọ pé kí ọ̀nà má wá. Nígbà tí wọ́n ṣí èbúté ńlá Lẹ́kkí ní oṣù kìíní ọdún 2023, tí wọ́n sì ṣí ilé-iṣẹ́ ìfọpo ní oṣù karùn-ún ọdún náà, a bá wọn yọ̀. Ohun tó dùn wá ni pé àwọn tó wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé, tí wọ́n ka igi àgbọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kọjá lára ààrò wa bí ẹni tí kò rí i. Nígbà tí a bi wọ́n, wọ́n ní amọ̀ lásán ni. Bẹ́ẹ̀, abala 29 òfin ilẹ̀ ọdún 1978 sọ pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ire gbogbo ènìyàn, a ó san owó ilé, ti ohun tí a gbé kalẹ̀ sórí ilẹ̀ náà àti ti irè oko. Ààrò tí a fi ń rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé kì í ṣe amọ̀ lásán. Ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀, kí ó wá mọ ọ̀kan.

Eruku tí tírélà wọn ń dà sínú kànga wa náà ń yọ wá lẹ́nu.

A bẹ̀ yín, ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà síwájú Kábíyèsí kí ọjà tó ń bọ̀ tó pé, kí wọ́n san owó ààrò àti ti ẹja tó ṣòfò, kí wọ́n sì fi ọ̀nà sílẹ̀ lára ògiri tí wọ́n ń mọ kí a lè dé etíkun. Ilẹ̀ tí wọ́n ní àwọn yóò fún wa wà lódìkejì títì, níbi tí ẹja yóò ti máa rà kí a tó rù ú débẹ̀. A kò fẹ́ ẹ.

Àwọn ọmọ wa ti ń sọ pé àwọn yóò jókòó sójú ọ̀nà tí tírélà ń gbà. Àwa ni a ṣì ń dá wọn lẹ́kun, ṣùgbọ́n bí ìpàdé yìí kò bá wáyé, ó ṣeé ṣe kí àwa náà gbé àpótí wa lọ jókòó tì wọ́n. Orúkọ gbogbo olóhun ààrò wà nínú ìwé tí a so mọ́ èyí.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Ẹgbẹ́, Akọ̀wé àti Akápò